Igun Ìsàlẹ̀ Apá Òsì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta

Kíláàsì àkọ́kọ́ lónìí. Èmi ni àgbà ibẹ̀. Ìdajì àwọn ọmọ tó jókòó yí mi ká, bóyá wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà tí mo ya páálí ọṣẹ mi àkọ́kọ́.

Èèpo ìwé, páálí ọṣẹ, àlẹ̀mọ́ ara ìgò, pósítà — mo ti yà wọ́n, mo sì ti fi wọ́n jẹun, kò sẹ́ni tó lè ní ọwọ́ mi ò dáa. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ò béèrè páálí mọ́. Áàpù inú fóònù ni wọ́n ń béèrè. Èyí tó kẹ́yìn bi mí bóyá mo lè ṣe é, mo ní ṣebí iṣẹ́ mi nìyẹn. Irọ́ gbuu. Ni mo bá lọ forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Tíṣà wa kéré sí mi dáadáa. Ó ní ohun tí a yà sórí bébà, wíwò lèèyàn ń wò ó, kì í dáni lóhùn. Fóònù máa ń dáni lóhùn: o fọwọ́ kàn án, ó ṣe nǹkan, ìwọ náà tún ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín ọwọ́ àti fóònù yẹn la wá kọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹnu ọmọ yìí ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ.

Òfin kan ló tẹnu mọ́ jù. Tí o bá gbé iṣẹ́ rẹ fún èèyàn pé kó dán an wò, dákẹ́. Má tọ́ka. Má ràn án lọ́wọ́. Máa wò ó. Ó sọ "dákẹ́" yìí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ lórúkọ: Tíṣà Dákẹ́.

Iṣẹ́ oṣù yìí: kí oníkálukú wá ẹnì kan tí fóònù ń yọ lẹ́nu, kó ṣe áàpù kékeré kan fún un, kó máa dán an wò, kó máa tún un ṣe. Mo ti mọ ẹni tí mo máa lò.

Ọjọ́rú, 5

Ìyá ti gbà. Ìyá — ìyá ọkọ mi. Àwa méjèèjì là ń gbélé. Ọkọ mi ń bá wọn kọ́ afárá níbi tó jìnnà, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló ń yọjú. Ìdí nìyí tó fi ń jẹ́ Àlejò nínú ìwé yìí. Kò mọ̀ o.

Télọ̀ ni Ìyá. Ojú kan ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ télọ̀ dàgbà. Abẹ́rẹ́ maṣíìnì ló kán tó ta sí wọn lójú ọ̀tún nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ojú yẹn ò sì ríran mọ́. Ojú òsì ni gbogbo ojú wọn. Síbẹ̀, kí n tó rí ojú abẹ́rẹ́, wọ́n á ti ki òwú bọ tiwọn, wọ́n á ti so ó.

Orúkọ tí wọ́n sọ mí ni Aláràbarà. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé àwọn ni ògiri ti ń yí àwọ̀ padà.

Áàpù náà rọrùn. Ojú àwọn ọmọ wọn á yọ. Wọ́n á fọwọ́ kan ẹni tí wọ́n fẹ́. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n á sọ̀rọ̀. Mo fi bọ́tìnnì sí igun ìsàlẹ̀ apá òsì. Kékeré. Àwọ̀ ewé tuntun. Ìyókù, funfun báláú, kí ojú ráyè mí. Ó rẹwà, mi ò lè purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Ìdánwò àkọ́kọ́, ní pálọ̀. Mo gbé fóònù tèmi jókòó sórí ìwé, kó máa ya fídíò. Mo wá sọ ohun tí Tíṣà Dákẹ́ ní ká máa sọ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀: Ìyá, ẹ̀yin kọ́ là ń dán wò o, iṣẹ́ mi là ń dán wò. Tí ẹ ò bá rí nǹkan, ẹ̀bi yín kọ́. Ẹ̀bi iṣẹ́ mi ni.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn dáa, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń wá ẹni tí àwọn máa di ẹ̀bi rù.

Wọ́n rí ojú àbígbẹ̀yìn wọn kíá. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ku bọ́tìnnì. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n padà sókè. Wọ́n ní ibo làwọn ti máa sọ̀rọ̀? Mo dákẹ́. Ẹnu ń yún mi. Wọ́n ń yí ọrùn bí adìẹ tó fura sí àṣá. Níkẹyìn wọ́n dorí fóònù kodò díẹ̀, ó sì bọ́ sí wọn lójú. Wọ́n ní ṣé ibí ló sá sí? Pé gbogbo bọ́tìnnì tí àwọn ti rán láyé àwọn, kò sí èyí tó sá fún àwọn rí.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé: ó ń yí ọrùn, ó ń dorí fóònù kodò, kò rí igun òsì. Mo kọ ọ́ tìdùnnú-tìdùnnú, bí ẹni tó rí nǹkan he.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Mo ti mú bọ́tìnnì tóbi sí i. Ó dùn mí. Ó wá dà bí ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́ lọ síbi ìgbéyàwó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Tíṣà Dákẹ́ fi fídíò mi han gbogbo kíláàsì. Ó ní ẹ wo bó ṣe dákẹ́. Ó ní ọ̀pọ̀ ni ì bá ti na ìka. Inú mi dùn débi pé ojú ń tì mí — àgbàlagbà tí tíṣà yìn.

Ó ní ká fi èyí sọ́kàn: ẹni tó ń lo iṣẹ́ wa kì í jẹ̀bi. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ṣì, ká padà lọ wá a nínú ohun tí a yà.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìdánwò kejì. Bọ́tìnnì ti tóbi, síbẹ̀ Ìyá fò ó. Mo bi wọ́n — a lè béèrè lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe tán — kí ni wọ́n rí níbẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ yẹn ṣókùnkùn.

Ó ṣókùnkùn kẹ̀! Àwọ̀ ewé tuntun tí mo fi odindi ìrọ̀lẹ́ kan ṣà! Ó bí mi nínú díẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò sí ohun tí mo mọ̀ láyé yìí tó àwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lò ó kì í jẹ̀bi. Mo sọ ọ́ di yẹ́lò, yẹ́lò tó ń pariwo.

Bí wọ́n ṣe ń gbé fóònù padà fún mi ni wọ́n fọwọ́ gbá kọ́ọ̀pù tíì lórí tábìlì. Ó dà, ó fọ́. A rẹ́rìn-ín. Mo ní Ìyá, ṣé kọ́ọ̀pù náà wà nínú ìdánwò ni? Mo nu ilẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ìyá ní gílóòbù pálọ̀ ti rẹ̀ ẹ́, pé kí n bá àwọn ra èyí tó mọ́lẹ̀ sí i. Mo rà á. Mo fi í sí i fúnra mi.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Àlejò wálé láti àná. Ó ní kí ló dé tí Ìyá ń fọwọ́ kan ògiri tí wọ́n bá ń rìn. Mo ní bàtà tuntun yẹn ni, ó ń yọ̀. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, bàtà ni. Àwa méjèèjì lẹnu wa kò.

Ó ti padà síbi afárá rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 17

Yẹ́lò náà — Ìyá ò rí i. Kí ni mo tún fẹ́ fi sí i, iná?

Ọjọ́rú, 19

Ó bọ́ sí i!

Mo ju igun nù. Mo gbé bọ́tìnnì sáàárín gbùngbùn, sábẹ́ ojú ọmọ gan-an. Kò rẹwà. Ó dà bíi pátákó onígbàjámọ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá tẹ ojú ọmọ, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, láì yí ọrùn, láì dorí nǹkan kan kodò, wọ́n sì bá àbígbẹ̀yìn wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n ní ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ ló ṣe é fún mi, orí ẹ̀ pé.

Wọ́n ní Aláràbarà, o ti ṣe é. Mo fò sókè bí ọmọdé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ sílẹ̀ fún kíláàsì: igun ló jẹ̀bi.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ìyá ní kí n bá àwọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́, pé ọwọ́ àwọn ń gbọ̀n lónìí. Mo kì í. Mi ò tilẹ̀ wo ojú wọn. Àwòrán tí mo fẹ́ fi han kíláàsì ni mo ń wò.

Ọjọ́ Ajé, 24

Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ eléyìí.

Mo dúró níwájú kíláàsì. Fídíò ń lọ lára ògiri, ó tóbi ju èèyàn lọ. Mo ń ṣàlàyé: ẹ wò ó níbí, wọn ò rí bọ́tìnnì, ẹ wò ó níbí, mo yí àwọ̀ padà. Kíláàsì ń fi orí dá mi lóhùn. Ó dé ibi tí kọ́ọ̀pù ti dà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Èmi náà la ẹnu láti rẹ́rìn-ín.

Kọ́ọ̀pù. Kọ́ọ̀pù kì í ṣe iṣẹ́ mi. Èmi kọ́ ni mo yà á, èmi kọ́ ni mo kùn ún. Apá òsì ló dúró sí, ó sì funfun lórí tábìlì dúdú. Kí ló dé tí Ìyá ò rí i?

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ jáde. Tíṣà Dákẹ́ rò pé inú ló ń run mí. Mo gbé báàgì, mi ò pa fídíò.

Ọ̀sán gangan ni mo délé. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ wà lórí itan wọn, wọn ò rán an. Mo kúnlẹ̀ síwájú wọn. Mo ní Ìyá, ẹ wo imú mi, ẹ má wo ibòmíràn. Mo na ọwọ́ sápá òsì wọn. Mo ní ìka mélòó lẹ rí? Wọ́n ní ọwọ́ wo?

Mo gbé ọwọ́ náà súnmọ́. Mo tún gbé e súnmọ́. Wọ́n ní imú mi gan-an, ìdajì rẹ̀ làwọn ń rí.

Wọ́n ní ó ti bẹ̀rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì rárá. Nǹkan kan á máa kọ mànà lójú wọn bíi mànàmáná. Lẹ́yìn náà, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bíi kantíkantí tó ń fò. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn kan láti ìsàlẹ̀ lápá òsì, tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ojú kan ṣoṣo tó kù fún wọn láyé.

Mo ní Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ariwo ni mo fi sọ ọ́. Ọlọ́run dárí jì mí.

Wọn ò bínú. Wọ́n ní: "Ṣebí mo sọ fún ẹ. Mo ní ibẹ̀ ṣókùnkùn. O ní ẹ̀bi mi kọ́, iṣẹ́ ẹ ni. O wá tún un ṣe, mo sì rí i. Mo ní ó ti tán nìyẹn."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ilé ìwòsàn ojú. A tètè débẹ̀, wọn ò tíì ṣílẹ̀kùn.

Dókítà náà, obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tan iná sójú Ìyá títí. Ó ní awọ fẹ́lẹ́ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tá a fi ń ríran. Ó ti ya, omi wọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó wá ń ṣí kúrò bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri tí òjò wọ̀ lẹ́yìn. Ó ní tó bá jẹ́ etí ló ṣí, a máa lẹ̀ ẹ́ padà, èèyàn á máa ríran lọ. Tó bá ti dé àárín, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ó ti dé àárín. Àárín ni mo gbé bọ́tìnnì sí. Mo ń sá fún òkùnkùn yẹn pẹ̀lú wọn, mo ń bá a tún ọ̀nà ṣe.

Ó béèrè pé ìgbà wo la ti rí i. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fóònù tó wà lápò mi, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Kí n tó la ẹnu, Ìyá ní ó ti ń ṣe díẹ̀.

Ọ̀la niṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́bọ̀, 27

Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ojú kó máa ti awọ náà mọ́lẹ̀, nítorí náà Ìyá gbọ́dọ̀ dojú bolẹ̀, tọ̀sán-tòru. Wọ́n dùbúlẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì, orí kọ́ sílẹ̀.

Tí mo bá fẹ́ rí ojú wọn, àfi kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Mo fi sípúùn fún wọn lómi láti ìsàlẹ̀. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ìyàwó wọlé, àwọn ò tíì rí ìyàwó tó ń wo ìyá ọkọ láti ìsàlẹ̀ báyìí. Mo rẹ́rìn-ín, omijé ń ṣàn wọ etí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Àlejò dé. Ó lọ bá dókítà lọ́fíìsì. Dókítà ní tí a bá tún fi ọ̀sẹ̀ kan falẹ̀ ni, iná kì bá tilẹ̀ hàn sí Ìyá mọ́.

Ó jáde wá, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú níwájú àwọn nọ́ọ̀sì. Ó ní òun tí òun jẹ́ ọmọ, òun rí ìyá òun tó ń wá ògiri, òun lọ. Ìwọ lo rí i. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó pe àbígbẹ̀yìn, ó ń sọ ọ́ fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí etí mi fi gbóná. Mo ní kò tọ́pẹ́. Wọ́n rò pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ló kọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31

Àtẹ̀jíṣẹ́ Tíṣà Dákẹ́. Ó ní ara Ìyá ńkọ́, òun gbọ́. Ó ní nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀, ṣé mo lè yọ̀ǹda fídíò ìdánwò àkọ́kọ́ fún àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n lè rí bí a ṣe ń dákẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Mo wo fídíò náà. Ó hàn. Gbogbo rẹ̀ hàn láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ — ọrùn tó ń yí, fóònù tí wọ́n dà kodò kí igun òsì lè wá sí ibi tí wọ́n ti ń ríran. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó bá wò ó á ní ìyá yìí ò ríran lápá kan. Èmi tí mo ń fojú jẹun, bọ́tìnnì ni mo ń wò. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá kì í ṣe èkù mi.

Mo dá Tíṣà lóhùn: rárá.

Ọjọ́ Ẹtì, 4

Wọ́n tú báńdéèjì. Ìyá rí fèrèsé. Wọ́n rí i pé mo wọ aṣọ pupa. Mo dúró síwájú wọn, wọ́n ń wo ibi tí ohùn mi wà, wọn ò rí ojú mi.

Dókítà ní ó lè mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ìyá bi í nípa abẹ́rẹ́. Ó ní rárá, Màmá. Ìyá ní ó dáa, ẹ ṣeun.

 Nínú ọkọ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra ojú ìka ìlábẹ̀, níbi tí abẹ́rẹ́ ti sọ di líle.

Ọjọ́ Àìkú, 6

Àlejò ń bọ̀ lálẹ́ òní — ó ti gba ààyè ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti pinnu. Mo lọ bá Ìyá ní yàrá wọn lọ́sàn-án, mo ní Ìyá, tó bá ti jókòó tán, màá sọ fún un. Gbogbo ẹ̀. Fídíò, àwọ̀, abẹ́rẹ́ tí mo kì láì gbójú sókè.

Wọ́n ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n ní kí n tó sọ ọ́, kí n rò ó síwájú. Pé ọmọ àwọn ni, àwọn mọ inú rẹ̀, á bínú, á sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà láti kó àwọn lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ tipẹ́. "Ilé yìí ni mo mọ̀ ọ́n rìn. Mo mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà, mo mọ ibi tí àtẹ̀gùn wà, mo mọ ohùn rẹ. Wọ́n á mú mi lọ sí ilé tí mi ò rí rí, tí mi ò sì ní lè rí mọ́ títí màá fi kú. Ọkàn rẹ lo fẹ́ tù. Èmi ńkọ́?"

 Mo ní ẹ forí jì mí, Ìyá. Wọ́n ní àwọn ò tíì ṣe tán láti forí jì mí, kí n má kán àwọn lójú. Wọ́n ní bó bá pẹ́ títí, àwọn lè forí jì mí. Ṣùgbọ́n kí n fẹnu mọ́ ibẹ̀.

Àlejò dé. A pe Ìyá wá jẹun. Ìyá gbé ọwọ́ lé èjìká mi, mo ṣíwájú. Mo ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́: ẹnu ọ̀nà nìyí, Ìyá, tábìlì wà lápá òsì, àga rèé. Àlejò dìde, ó ń wò wá, ojú rẹ̀ kún fún omi. Ó ní kí Ọlọ́run san án fún mi bí mo ṣe ṣe sí ìyá òun.

Ìyá ní àmín. Wọn ò gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi. Mo ní àmín.